Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Gbọ̀ngàn Eré Ìdárayá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó lọ sí ibi eré, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fò sókè tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kò tún ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ ìtàn náà fún òun. Ṣùgbọ́n ojú kò lè wà níbi gbogbo, ọkàn ènìyàn a sì máa gbàgbé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn àwòrán. Àwòrán a máa mú ohun tí ń kọjá lọ dúró. A máa gbé eré tí a ṣe ní Èkó lọ fún ẹni tí ó jókòó sí Ìkìrun tàbí Ṣakí. A sì máa jẹ́ kí ọmọ tí a kò tíì bí mọ bí ìyá rẹ̀ ti rí ní ọjọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ. Àwòrán tí ó bá mọ́ kedere dà bí ẹlẹ́rìí olóòótọ́. Èyí tí kò mọ́ dà bí ẹlẹ́rìí tí ó ti mutí yó: lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè gbá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú.

Lára àwòrán tí ó ṣòro jù lọ láti yà ni ti eré ìdárayá tí a ń ṣe lábẹ́ òrùlé, irú bí tẹníìsì orí tábìlì, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń gbé kámẹ́rà kékeré wọ inú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìdùnnú, tí wọ́n sì ń fi ìbànújẹ́ jáde. Nígbà tí wọ́n bá wo ohun tí wọ́n yà, wọn yóò rí i pé apá eléré ti di èéfín, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, bọ́ọ̀lù sì ti di ìlà funfun kan. Àwọn kan yóò sọ pé kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kò dára fún ohunkóhun, wọn yóò sì gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn yóò jẹ gbèsè nítorí àtira èyí tí ó tóbi. Ìṣe méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ kékeré ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìdí tí àwòrán fi ń bàjẹ́ yóò rí i pé ibi tí agbára náà mọ jìnnà ju ibi tí òun rò lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀ràn ṣeréṣeré lásán ni èyí. Ní ibi ìdíje ńlá, àwọn oníròyìn a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀. Eléré tí ó ti gba orúkọ kì í wá ẹni tí yóò ya àwòrán rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ní ìdíje láàárín ilé-ìwé méjì, oníròyìn kan kì í wá. Ọmọbìnrin tí ó ti ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí ó lè kọ́ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù lè ṣe eré tí ó dára jù lọ nínú ayé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ó má sì sí ẹnìkan tí ó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ àfi ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí ọmọ kíláàsì náà bá ya èéfín, ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn, eré tí a sì ti ṣe tán kì í padà wá. Bàbá tí ó gbà pé tẹníìsì orí tábìlì kò ju ìfàkókòṣòfò lọ kò ní rí ohun tí yóò tún èrò rẹ̀ pa. Olùkọ́ eré tí ń wá ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn kò ní rí bí ó ti gbé ẹsẹ̀ àti bí ó ti di báàtì mú. Ilé-ìwé náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ kò ní ojú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di kámẹ́rà mú nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ akọ̀wé ìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó yàn án sí i.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí eré abẹ́ òrùlé ti níyì tó láàárín wa, kí ó lọ sí gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tí ó wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Surulere, ní Èkó. Ìdíje tẹníìsì orí tábìlì ti mú àwọn eléré láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá síbẹ̀. Eré yìí ni ó gbé Segun Toriola dé ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìgbà méje, láti 1992 títí dé 2016. Òun náà ni ó gbé Funke Oshonaike dé ibẹ̀ ní ìgbà méje. Quadri Aruna sì dé ipele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti 2016 ní ìlú Rio de Janeiro. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a bí sínú òkìkí. Ìgbà kan wà tí olúkúlùkù wọn jẹ́ ọmọ kékeré tí ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ènìyàn díẹ̀.

Kí ni ó wá fà á tí kámẹ́rà tí ó ya ìgbéyàwó dáradára ní ìta fi ń kùnà nínú gbọ̀ngàn? Ohun tí ó fà á ni ìmọ́lẹ̀. Ojú ènìyàn a máa tan ènìyàn jẹ nípa ọ̀ràn yìí. Nígbà tí a bá ti inú oòrùn wọ inú ilé, ilé a kọ́kọ́ ṣókùnkùn; lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọlójú a fẹ̀, ohun gbogbo a sì hàn, a ó sì gbàgbé pé ìmọ́lẹ̀ ti dín kù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í gbàgbé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan ní gbangba lè ju ti inú gbọ̀ngàn tí fìtílà rẹ̀ dára lọ ní ìlọ́po 100. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ilé-ìwé kò sì ní fìtílà tí ó dára. Bí kámẹ́rà bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, a máa la ojú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ títí kí ó lè gba èyí tí yóò tó o. Níwọ̀n ìgbà tí ojú rẹ̀ bá sì là sílẹ̀, eléré kò dúró dè é. Gbogbo ibi tí apá eléré gbà kọjá ni kámẹ́rà yóò kọ lé ara wọn lórí, ohun tí a ó sì rí kò ní ju èéfín lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó wà láti fi ìmọ́lẹ̀ bọ́ kámẹ́rà. Èkíní ni bí ihò ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Èkejì ni bí ìlẹ̀kùn tí ó bo ihò náà ti pẹ́ tó ní ṣíṣí. Ẹ̀kẹta ni bí ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti yára gbọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń gbé kèrègbè sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò wé e. Bí ẹnu kèrègbè bá fẹ̀, kì yóò pẹ́ kún. Bí ẹnu rẹ̀ bá tín-ín-rín, a ó dúró pẹ́. Bí kò bá sì sí ààyè láti dúró, tí ẹnu kèrègbè náà kò sì lè fẹ̀ sí i, àfi kí a fi omi díẹ̀ tí a rí ṣe ohun tí a fẹ́ fi odindi kèrègbè ṣe. Gbogbo ọgbọ́n ayafọ́tò inú gbọ̀ngàn kò ju kí ó mọ èyí tí òun yóò fẹ̀, èyí tí òun yóò gé kúrú, àti ibi tí òun yóò ti fi díẹ̀ ṣe púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀ràn àkókò, nítorí òun ni ó ń pinnu bóyá eléré yóò dúró nínú àwòrán. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì kò fẹ̀ ju mìlímítà 40 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 2.7 lọ. Bí a bá gbá a kí ó máa sáré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà sì ṣí fún ìdá 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, bọ́ọ̀lù náà yóò ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 33 kí ìlẹ̀kùn tó pa dé. Èyí ju ìlọ́po mẹ́jọ ìbú rẹ̀ lọ. Abájọ tí ó fi di ìlà. Bí a bá gé àkókò náà kúrú sí ìdá 1/500, bọ́ọ̀lù kò ní rìn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Bí a bá tún gé e sí ìdá 1/1000, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Orí àti èjìká ènìyàn kò yára tó bọ́ọ̀lù, nítorí náà ìdá 1/500 a máa mú wọn dúró dáradára. Bọ́ọ̀lù lè fa ìrù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù díẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kì í ba àwòrán jẹ́ nígbà tí ojú eléré bá mọ́. Ẹni tí ó bá fi àkókò sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti yàn fúnra rẹ̀ ti fi àwòrán rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ó yí i sí ibi tí a kọ lẹ́tà M sí, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìdá 1/500.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìdá 1/60 dé 1/500, a ti dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, bí a kò bá sì wá nǹkan ṣe, àwòrán yóò dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ibi tí ihò ojú kámẹ́rà ti wúlò nìyí. A máa ń kọ nọ́ńbà ihò náà sí ara lẹ́ǹsì, ohun tí ó sì ń rú ènìyàn lójú ni pé bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni ihò náà ń fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì tí ó ń bá kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú wá láti ilé ìtajà sábà máa ń jẹ́ èyí tí ihò rẹ̀ kò lè fẹ̀ ju 5.6 lọ nígbà tí a bá fà á gùn láti fi wo ohun tí ó jìnnà. Lẹ́ǹsì kan wà tí kì í gùn tí kì í sì kúrú, tí a kọ 50 mm àti 1.8 sí lára. Ó wà lára lẹ́ǹsì tí owó wọn rọjú jù lọ, a sì lè rí àlòkù rẹ̀ rà. Ihò rẹ̀ a máa gba ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ihò 5.6 ń gbà. Kí òǹkàwé ṣe ìṣirò yìí dáradára: ìlọ́po mẹ́jọ ni àkókò kúkúrú gbà lọ́wọ́ wa, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ihò fífẹ̀ dá padà. Kámẹ́rà kan náà ni, òrùlé kan náà ni, fìtílà kan náà sì ni. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí kò wọ́n ni ó mú àyípadà wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ra kámẹ́rà tuntun kí ó tó ronú nípa lẹ́ǹsì.

Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tíì tó síbẹ̀, ọ̀nà kẹta ni ó kù. ISO ni a ń kọ sí ara kámẹ́rà láti fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ó dà bí gbohùngbohùn. Bí a bá yí gbohùngbohùn sókè, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ yóò rinlẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo wúyẹ́wúyẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà yóò dìde pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà, bí a bá yí ISO sí 3200 tàbí 6400, àwòrán yóò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹni pé a wọ́n gàrí sí i lára. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa bẹ̀rù gàrí yìí, wọ́n a sì fi ISO sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n a wá fún kámẹ́rà ní àkókò gígùn. Àṣìṣe ńlá ni. A lè wo àwòrán tí ó ní gàrí kí a sì mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí a rí ìlàágùn lójú rẹ̀ àti bí ó ti pa eyín pọ̀. Bí a bá tẹ àwòrán náà sórí ìwé ní ìwọ̀n kékeré, gàrí náà kò tilẹ̀ ní hàn púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ti di èéfín, kò sí ohun tí a lè fi tún un ṣe.

Ihò fífẹ̀ ní ìyà tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ihò bá fẹ̀, ibi tí ó mọ́ nínú àwòrán a máa tín-ín-rín bí ẹ̀là iṣu. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò ṣú, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì ṣú. Bí kámẹ́rà bá fojú sun báàtì, ojú eléré lè má mọ́. Bí ó bá fojú sun àwọn òǹwòran tí ó wà lẹ́yìn, eléré fúnra rẹ̀ yóò di òjìji. Nítorí náà, kí ayafọ́tò má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà máa wá ibi tí ó wù ú. Kí ó yan ibi kan ṣoṣo láàárín ojú kámẹ́rà, kí ó gbé ibẹ̀ lé ojú eléré, nítorí àwọn àgbà ti sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kámẹ́rà rẹ̀ kò bá yára tó láti tẹ̀lé ẹni tí ń sáré, kí ó fojú sun ibi tí eléré yóò dé, kí ó sì dúró dè é níbẹ̀. Ní ti tẹníìsì orí tábìlì, ibẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Tábìlì náà kò gùn ju mítà 2.74 lọ, eléré a sì máa padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ayò.

Ibi tí ayafọ́tò dúró sí náà ṣe pàtàkì. Lẹ́ǹsì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí kò lè fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ tòsí, nítorí náà ẹsẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ tí owó kò lè ṣe. Kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn alákòóso eré kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró sí igun, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ó wo ẹ̀yìn eléré: bí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé bá wà níbẹ̀, kámẹ́rà tí ń yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò sọ eléré di dúdú, ògiri tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ni ó dára. Kí ó sì wá ibi tí fìtílà ti ń tàn sí ojú eléré, kì í ṣe sí orí rẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, gbogbo ohun tí a ti sọ yìí kò tó bí ayafọ́tò kò bá mọ eré náà. Ọdẹ tí ó gbọ́n kì í lé ẹtu kiri inú igbó. Ojú ọ̀nà tí ẹtu ń gbà ni ó ń ba sí. Nínú gbogbo eré, ìgbà kan wà tí ohun tí ń sáré a dúró díẹ̀. Ohunkóhun tí a bá sọ sókè yóò kọ́kọ́ yára, yóò rọra máa falẹ̀, yóò dúró fún ìṣẹ́jú tí kò tó ìṣẹ́jú, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá sílẹ̀. Òfin tẹníìsì orí tábìlì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayò ju bọ́ọ̀lù sókè láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó kéré tán. Ní òkè téńté ibi tí bọ́ọ̀lù náà ga dé, bọ́ọ̀lù dúró, ọwọ́ eléré dúró, ojú rẹ̀ sì wà lára bọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ lè mú ìgbà yìí. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n náà a máa dúró díẹ̀ ní òkè nígbà tí ó bá fò. Akànṣẹ́ a máa dúró nígbà tí agogo bá dún tí ó sì wo ojú ẹni tí ó ń bá jà. Lẹ́yìn ayò tí ó le, olùborí a di ìkúùkù, ẹni tí a borí a sì tẹ orí ba. Ìgbà wọ̀nyí kì í sáré, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń sọ ìtàn eré ju bọ́ọ̀lù tí ń fò lọ. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ẹni tí ó bá tẹ kámẹ́rà ní ìgbà 400 láìronú lè má rí ohun tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 40 pẹ̀lú sùúrù yóò rí.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. A lè ya àwòrán márùn-ún léra wọn, kí mẹ́ta mọ́lẹ̀, kí méjì ṣókùnkùn tàbí kí àwọ̀ wọn yí padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò fọwọ́ kan ohunkóhun lára kámẹ́rà. Iná mànàmáná ni ó fà á. Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà a máa lọ a sì máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ fìtílà gbọ̀ngàn ń tàn wọ́n sì ń rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó ṣí fún ìdá 1/500 péré lè bá ìgbà tí fìtílà rẹ̀ sílẹ̀ pàdé. Kámẹ́rà tuntun mìíràn ní ọgbọ́n tí ó fi ń ṣọ́ ìgbà tí fìtílà bá mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, kí ó ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn ní ìgbà tí ó ṣe pàtàkì, kí ó sì yan èyí tí ó dára.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ó dé tí a kò fi lo fláàṣì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Fláàṣì kékeré tí ó wà lórí kámẹ́rà kò lè tàn dé ibi tí ó ju mítà díẹ̀ lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè fọ́ eléré lójú ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá a, kí ó sì pàdánù ayò tí ó ti ṣe làálàá fún. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, èèwọ̀ ni. Àwòrán tí a bá fi ìṣubú ẹlòmíràn rà kò níyì.

Ìtàn pẹ̀lú ń kọ́ wa pé ẹ̀rọ kò ju èrò lọ. Ní ọdún 1900 ni ilé-iṣẹ́ Kodak gbé kámẹ́rà kékeré kan tí a ń pè ní Brownie jáde ní Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là kan lọ. Ní 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan tí ń jẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere ra ọ̀kan nínú ìran kámẹ́rà yìí, èyí tí kò tilẹ̀ ní fláàṣì. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni ó ti kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun tí àwọn obìnrin wa ń dì, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013, ọdún kan kí ó tó di olóògbé, a gbé iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá tí ó máa ń wáyé ní ìlú Venice ní Ítálì. Lóòótọ́, kì í ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn ni ó fi ya gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn ni ó kọ́ ojú rẹ̀ bí a ti ń wò. Ẹni tí kò bá lè fi ohun kékeré ríran, ohun ńlá kò ní là á lójú.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tí kámẹ́rà kékeré kò lè ṣe. Kò lè ya eléré tí ó wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn ńlá bí ẹni pé ó wà nítòsí. Ó lè gba ìsinmi díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ léraléra. Fóònù mìíràn a máa kó àwòrán púpọ̀ papọ̀ kí òru lè dà bí ọ̀sán; èyí dára fún ilé àti òpópónà, ṣùgbọ́n ó ń sọ ẹni tí ń sáré di iwin. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ayafọ́tò yan iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe, kí ó sì ṣe é dé ojú àmì.

Ìdánwò tuntun kan sì ti dé ní òde òní. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà nísinsìnyí tí ó lè gba àwòrán bàìbàì kí ó sì sọ ọ́ di èyí tí ó mọ́ gaara. Bí ó bá jẹ́ láti dín gàrí kù díẹ̀ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá ti di èéfín pátápátá, kọ̀ǹpútà kò ní ibi tí yóò ti rí ojú náà mú wá. Yóò kàn dá ojú kan mọ́ ọn láti inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú tí ó ti rí rí. Ojú náà lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ yóò wò ó, yóò sì mọ̀ pé ohun kan kù. Ẹlẹ́rìí tí ó sọ pé òun kò ríran dáradára sàn ju ẹlẹ́rìí tí ó hun ìtàn lọ.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó ní kámẹ́rà kékeré má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Kí ó ṣí ihò rẹ̀ fẹ̀, kí ó gé àkókò rẹ̀ kúrú, kí ó má bẹ̀rù gàrí, kí ó súnmọ́ ibi eré pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó kọ́ eré náà débi pé yóò mọ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ lè má dára, ẹ̀kẹwàá sì lè má dára. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Nígbà tí ó bá sì rí ọ̀kan tí ó mọ́, kí ó kọ orúkọ eléré, ibi eré àti ọjọ́ eré sí i, kí ó sì fi ọ̀kan lé eléré náà lọ́wọ́. Òkìkí kì í dé bá gbogbo ẹni tí ó ṣe làálàá, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹni tí ó ṣe làálàá rí ojú ara rẹ̀ bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó ṣe é.